Bí a ṣe ń lo INFINITY àti NAN nínú C

Ká ní ẹ fẹ́ fi C, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kọ ètò tí yóò wá ọjọ́ tí aláta kan ní ọjà Bódìjà, n'Ìbàdàn, jèrè jù lọ nínú oṣù. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fi DBL_MIN bẹ̀rẹ̀, wọ́n rò pé òun ni nọ́ńbà tó kéré jù lọ. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. DBL_MIN kì í ṣe nọ́ńbà abẹ́ òdo rárá. Nǹkan bíi 2.2e-308 ni, nọ́ńbà tíntìnnì tó ju òdo lọ tó ṣì ní ìpéye kíkún. Bí aláta bá pàdánù lójoojúmọ́, 2.2e-308 ni ètò yín máa pè ní èrè tó ga jù, bẹ́ẹ̀ kò sọ́jọ́ tó pa á.

Ẹ fi -INFINITY (àìlópin abẹ́ òdo, tó kéré ju gbogbo nọ́ńbà lọ) bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi isnan mọ iye tó bá jẹ́ NAN ("not a number", ohun tí kì í ṣe nọ́ńbà), báyìí:

```
#include <math.h>

double gaju = -INFINITY;
for (int i = 0; i < n; i++)
    if (!isnan(ere[i]) && ere[i] > gaju)
        gaju = ere[i];
```

Láti C99 (ìlànà C ti ọdún 1999) ni INFINITY àti NAN ti wà nínú math.h. Bí gaju bá ṣì jẹ́ -INFINITY lẹ́yìn lúùpù, kò sí dátà kankan níbẹ̀ nìyẹn.

NAN wà fún ọjọ́ tí aláta ò ṣí ìsọ̀. Òdo kò tọ́, torí ó túmọ̀ sí pé ó tajà ṣùgbọ́n kò jèrè. -999 náà léwu, nítorí àdánù gidi lè bá a dọ́gba. Ẹ kàn rántí pé NAN kò dọ́gba pẹ̀lú ohunkóhun, títí kan ara rẹ̀: `if (x == NAN)` kò ní jẹ́ òtítọ́ láé, isnan(x) ni kẹ́ ẹ lò. Ẹyọ NAN kan ṣoṣo sì ti tó láti ba gbogbo àròpọ̀ jẹ́, nítorí náà tẹ́ ẹ bá ń wá ìpíndọ́gba èrè, ẹ fò ó, kẹ́ ẹ fi iye ọjọ́ tẹ́ ẹ kà gan-an pín àròpọ̀.

Tí iye ọjọ́ tẹ́ ẹ kà bá jẹ́ òdo ńkọ́? 0.0/0.0 máa fún yín ní NAN lórí kọ̀ǹpútà tó ń tẹ̀lé IEEE 754, ìlànà ìṣirò nọ́ńbà onídẹ́símà. Ṣùgbọ́n 0/0 tó jẹ́ int (nọ́ńbà odidi) kò ní ìtumọ̀ nínú C. Lórí Linux x86 ètò sábà máa kú pẹ̀lú "Floating point exception", ọ̀rọ̀ tó ń ṣini lọ́nà, torí int ló fà á.

Ẹ fi GCC, tó ń sọ kóòdù C di ètò, ṣe é báyìí:

```
gcc -std=c11 -Wall -O2 ere.c -lm
```

Ẹ má fi -ffast-math kún un. Ṣe ló ń sọ fún GCC pé NAN àti INFINITY ò sí, isnan sì lè máa dáhùn òdo nígbà gbogbo.

Nínú fáìlì dátà, ẹ lè kọ nan gan-an sí ọjọ́ tó ṣófo: strtod, tó ń sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà, mọ̀ ọ́n kà, scanf pẹ̀lú %lf náà mọ̀ ọ́n. Bí printf bá tẹ -nan jáde, ẹ má ka àmì yẹn sí.