Bí a ṣe kọ ìwé ẹ̀sùn nípa ilé ìwé tó ń gba ilé gbígbé ládùúgbò wa

Àwọn ìbejì mi wà ní ilé ìwé náà, mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn olùkọ́ wọn dáa. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi wúwo lọ́kàn mi nígbà tí Màmá tó ń gbé ní ọ̀ọ́kán ilé wa ní Gwarinpa ké sí mi láàárọ̀ ọjọ́ kan: "Bàbá Ìbejì, ẹ wá wo nǹkan." Wọ́n ti wó ògiri tó wà láàárín ilé ìwé àti ilé kejì. Wọ́n tún ti sanwó ilé kẹta.

Màmá yìí ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Lóṣù tó ṣáájú, nígbà tí òòyì kọ́ wọn, ọkọ̀ òbí kan dí géètì wọn. Ogún ìṣẹ́jú gbáko la fi wá ẹni tó ni ọkọ̀ náà kiri kí a tó rí wọn gbé lọ sí ọsibítù. Mi ò lè gbàgbé bí ọwọ́ wọn ṣe ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi.

Inú ń bí gbogbo èèyàn ní ìpàdé àkọ́kọ́. Alhaji tó ń gbé ní kọ̀rọ̀ títì ní ká lọ ti géètì ilé ìwé pa. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní Abuja, iṣẹ́ tí wọ́n máa fi ilẹ̀ ṣe ti wà nínú ìwé láti ìgbà tí wọ́n ti ya àwòrán ìlú náà ní 1979. C of O, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń fún èèyàn nílẹ̀, gan-an máa ń sọ ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fún èèyàn nílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ilé gbígbé di kíláàsì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ mìíràn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀ nígbà náà: ṣé wọ́n gbàṣẹ?

Mo kọ lẹ́tà sí Development Control, ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ilé kíkọ́ ní Abuja, láti béèrè. Mo gbé e ka òfin 2011 tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ohun tó wà nínú ìwé ìjọba. Ọjọ́ méje ni òfin náà ní kí wọ́n fi fèsì. Tí ẹ bá lọ, ẹ má kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiyín, torí láti ọjọ́ tí wọ́n gba lẹ́tà yín lẹ ó ti máa ka ọjọ́.

Bí mo ṣe ń retí èsì, mo ń ka ọkọ̀. Aago méje sí mẹ́jọ, ọjọ́ márùn-ún, lórí àga lẹ́nu géètì wa. Ọjọ́ Ajé ló pọ̀ jù: 61. Mo ya fọ́tò àwọn géètì tí wọ́n dí, ṣùgbọ́n mi ò ya ojú ọmọ ẹnikẹ́ni.

Ìwé ẹ̀sùn gan-an ló gbà mí lákòókò. Ojú ìwé mẹ́ta ni mo kọ́kọ́ kọ. Ìyàwó mi kà á tán, ó ní, "Níbo lẹ ti sọ ohun tí ẹ ń fẹ́?" Òótọ́ ló sọ. Mo yọ "olójúkòkòrò" kúrò, mo yọ gbogbo ohun tí a kàn gbọ́ lẹ́nu èèyàn. Ó wá wọ ojú ìwé kan: nọ́ńbà àwọn ilé náà, iye ọkọ̀, ọ̀rọ̀ Màmá, omi ṣókààwé tó ń ṣàn sójú títì, àti ẹ̀bẹ̀ wa pé kí iṣẹ́ dúró títí àṣẹ á fi wà. Mo gbé e láti ojúlé dé ojúlé. Olùkọ́ ilé ìwé náà kan ń gbé ládùúgbò wa. Mi ò ní kó buwọ́ lù ú.

Nígbà tí èsì dé, ilé àkọ́kọ́ nìkan ló ní àṣẹ. A fi ìwé ẹ̀sùn sílẹ̀, a sì mú ẹ̀dà kan fún ẹni tó ni ilé ìwé. Òun fúnra rẹ̀ wá lọ́jọ́ Sátidé, ó kúnlẹ̀ kí Màmá. Ó gbà láti fi ilé kẹta sílẹ̀, ó sì ní kí àwọn òbí máa já ọmọ wọn sílẹ̀ lójú títì ńlá. Ọ̀rọ̀ ilé kejì ṣì wà nílẹ̀, jẹnẹrétọ̀ wọn náà ṣì ń pariwo.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, mo tún gbé àga síta. Ọkọ̀ 22. Géètì Màmá ṣí sílẹ̀ gbayawu, wọ́n ń gbá iwájú ilé wọn.