Wọ́n ń pa gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé: ìbéèrè àti ìdáhùn fún olùdarí eré

Láti Bódìjà dé Àpáta, ẹjọ́ kan náà ni àwọn olùdarí Dungeons & Dragons ń rò: ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ jù nínú eré wọn. Eré àfẹnusọ ni: olùdarí ń sọ ìtàn, ó sì ń ṣe àwọn ọ̀tá; àwọn òṣèré ń ṣe akọni, dáìsì ló sì ń sọ bí ìjà ṣe máa rí. Àwọn òṣèré yìí ló ń pa gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé.

Ṣé dandan ni kí ẹni tí pọ́ìntì ẹ̀mí rẹ̀ di òdo kú?
Rárá o. Nínú òfin eré náà tó jáde ní 2014, ẹni tó fi idà tàbí kùmọ̀ lu ọ̀tá dé òdo lè ní òun kàn lù ú dákú ni. Ti ọfà kò sí níbẹ̀. Ẹ ka ìwé òfin yín.

Mo ní kí wọ́n yé pààyàn, wọn ò gbọ́.
Kí lẹ ń fún wọn ní pọ́ìntì ìrírí, èyí tí agbára akọni fi ń pọ̀ sí i, lé lórí? Bó bá jẹ́ òkú, òkú ni wọn yóò máa wá. Ẹni tó fẹnu yanjú ọ̀rọ̀ tàbí tó yọ́ kọjá, iye kan náà ni kó gbà.

Àwọn ọ̀tá mi kì í sá.
Ẹ̀yin ni ò jẹ́ kí wọ́n sá. Òfin Basic, ẹ̀dà eré yìí ti 1981, fún ọ̀tá kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìgboyà, 2 sí 12. Tí ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn bá kú, àti tó bá ku ìdajì wọn, ẹ da dáìsì lúdò méjì. Tó bá ju nọ́ńbà wọn lọ, wọ́n sá tàbí wọ́n túúbá. Ọlọ́ṣà tébi ń pa, ẹ fún un ní 7: ìgbà 15 nínú 36 ni yóò sá. Ẹ̀ṣọ́ ààfin, 9: ìgbà 6 péré.

Ọ̀tá túúbá, wọ́n ṣì dúńbú rẹ̀.
Èyí ló le jù, ẹ má sì sọ pé ìkà ni wọ́n. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ dá sí, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin náà lẹ jẹ́ kó kó ogún ọmọ ogun wá ká wọn mọ́lé lóru? Wọ́n ti kọ́gbọ́n nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́ta tí yóò túúbá lẹ́yìn èyí dúró ṣinṣin. Bó bá ti ju idà sílẹ̀, kó sọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tún da dáìsì: “Ẹ má pa mí! Ọ̀gá wa wà lẹ́yìn àpáta, ajá méjì ló ń ṣọ́ ọ.” Kí ọ̀rọ̀ náà sì jẹ́ òótọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí wọ́n máa gbé e sí, torí ẹrú ogun tí kò níbi tí wọ́n ń mú un lọ, ẹrù ni: kí baálẹ̀ abúlé tó wà nítòsí gbà á, kó sì sanwó. Idà gígùn tí wọ́n bá bọ́ lára òkú, wúrà 7 àbọ̀ ni wọ́n ń tà á. Ẹ jẹ́ kí owó ìràpadà jẹ́ 30. Ogun Kírìjì gan-an, wọ́n tọwọ́ bọ àdéhùn àlàáfíà lé e lórí ní 1886.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pààyàn, òun ló sì ń bà á jẹ́ fún gbogbo wa.
Dáìsì ò lè tún ìyẹn ṣe. Ẹ pè é sẹ́yìn kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bi í irú eré tó fẹ́. Bó bá jẹ́ ogun nìkan ni, ẹ fi í mọ àwọn tó ń ṣe eré ogun.