Bí a ṣe ń gbin ọgbà lápálàpá sórí ààlà

Kí ẹ tó gé ẹyọ igi lápálàpá kan, ẹ pe ẹni tí ẹ jọ pààlà. Ọgbà tí ẹnì kan dá gbìn, ẹnì kejì á máa wò ó bí ẹni wo àléébù. Èyí tí ẹ jọ gbìn, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa jọ tún un ṣe lọ́dọọdún, bí ẹ bá tilẹ̀ ń bínú síra yín.

Ẹ mú àgbà kan wá láti ìdílé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ na okùn láti igun dé igun. Ẹ ri pèrègún mọ́ igun kọ̀ọ̀kan àti ibi tí ìlà bá ti yà. Láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Kogi, ẹni tó bá rí pèrègún lórí ìlà ti mọ̀ pé ààlà ni. Kì í kú bọ̀rọ̀. Ilé lè wó kó ṣì wà níbẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà ló kàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe: wọ́n á gbin ìlà tán kí wọ́n tó rántí rẹ̀. Ẹ wo ibi tí ẹsẹ̀ ti pa koríko. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ń gbà lọ pọnmi, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ yá odó. Ẹ fi í sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, kí obìnrin tó ru agbọ̀n iṣu lè kọjá láìha igi. Bí ẹ bá dí i, wọ́n á já ọgbà níbẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé.

Ìparí oṣù kẹta ni kí ẹ gé ẹ̀ka lápálàpá tí ẹ fẹ́ gbìn, kí ewé tuntun tó yọ. Èyí tó ti gbó, tí èèpo rẹ̀ kò tutù yọ̀yọ̀ mọ́, tó nípọn ju àtàǹpàkò lọ, ni kí ẹ mú, ní gígùn ẹsẹ̀ bàtà 4. Ẹ gé ìdí rẹ̀ kí ó dàgẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà gbìn ín lódì. Aṣọ àlòkù ni kí ẹ wọ̀, torí oje rẹ̀ kì í ṣí lára aṣọ. Ẹ tò ó síbi òjìji fún ọjọ́ 3 sí 5 kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ. Èyí tí a gbìn ní tútù á jẹrà: ìdí rẹ̀ á dúdú, bí ẹ bá tì í díẹ̀, á yọ wọ́ọ́rọ́ bí ẹ̀gẹ́ tí a rẹ sómi.

Fún ìlà ẹsẹ̀ bàtà 100, ẹ gé 120, kí díẹ̀ wà fún àfirọ́pò. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 1 sáàárín wọn, kí ẹ ri ìdí wọn wọlẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 1, kí ẹ sì fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún ló dára jù. Èyí tí a bá gbìn lóṣù kẹsàn-án kò ní ta gbòǹgbò tó kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Ẹ fi ọparun tí a là dè é pọ̀, okùn ni kí ẹ lò. Bí igi bá ń sanra, wáyà á gé èèpo rẹ̀, orí rẹ̀ á sì kú.

Ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ ọ́n yọ́ gba abẹ́ rẹ̀. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Torí náà, ní àkọ́rọ̀ òjò ọdún kejì, ẹ bẹ́ orí rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2 sílẹ̀, kí ẹ̀ka yọ láti ìsàlẹ̀. Ẹ fi èyí tí ẹ gé dí àlàfo. Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ̀yin méjèèjì gé tiyín. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan nìkan, ọgbà á fì sí ìkejì, ìjà á bẹ̀rẹ̀.

Màlúù kì í jẹ ẹ́ náà, àmọ́ agbo tó ń tira á wó ọgbà ọlọ́dún kan lulẹ̀. Ẹ má gbìn ín dábùú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ sódò. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 30 sílẹ̀ fún wọn, kí ẹ gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀nà náà. Ṣáájú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ bá olórí gáà, ibùdó àwọn darandaran, sọ̀rọ̀, kí ẹ mú un rìn dé òpin ìlà.

Ní oṣù kọkànlá, ẹ ro ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ́tùn-ún àti lósì, torí iná igbó. Olúkúlùkù á ro ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀.

Májèlé ni kóró lápálàpá. Bí ọmọ wà nítòsí, ẹ já èso rẹ̀ kí ó tó pọ́n, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀. Ọmọ tó bá jẹ ẹ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ mú kóró kan dání láti fi hàn wọ́n.