Bí a ṣe ń mú ọ̀dọ́ adìẹ wọ àárín àwọn àgbébọ̀ tó ti nílé

Bí adìẹ bá dé ìlú tuntun, ẹsẹ̀ kan ni í fi dúró. Àwọn onílé ni kì í jẹ́ kó sọ ẹsẹ̀ kejì kalẹ̀. Bí adìẹ ò tilẹ̀ ju márùn-ún lọ ní ẹ̀yìnkùnlé, gbogbo wọn ló mọ ẹni tó ń kọ́kọ́ jẹun, ẹni tó ń wọ̀ sórí igi tó ga jù, àti ẹni tó gbọ́dọ̀ yà fún ẹlòmíràn. Thorleif Schjelderup-Ebbe, ọmọ ilẹ̀ Norway, kọ̀wé nípa ètò yìí ní 1921: ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ara wọn títí oníkálùkù á fi mọ ipò rẹ̀. Nígbà tí àlejò bá dé, ètò náà dàrú, wọ́n á sì tún un tò. Ìjà díẹ̀ kò ṣeé yẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ wa ni kí ìjà má di ẹ̀jẹ̀, kí àìsàn má sì bá àlejò wọlé. Ó ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí iṣẹ́ náà tó parí dáadáa.

Ẹ má mú adìẹ kan ṣoṣo wọlé. Gbogbo ìbínú agbo á dà lé e lórí, kò sì ní rí ẹni bá sá. Mẹ́ta ló kéré jù, kí wọ́n sì jẹ́ àwọn tó ti ń gbé pọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìtóbi wọn ṣe pàtàkì ju ọjọ́ orí lọ. Àgbébọ̀ ISA Brown, ẹ̀yà kan tí a ń sìn fún ẹyin, máa ń tó kílò méjì. Èyí tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ 16 sí 18, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní point of lay, ìyẹn èyí tó kù díẹ̀ kó máa yé ẹyin, máa ń tó kílò kan àbọ̀ tàbí kó dín díẹ̀. Ìwọ̀n yẹn lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kò lè gbà á, bó ti wù kó yára tó. Ẹ jẹ́ kó dàgbà sí i níbòmíràn. Àwọn òròmọdìẹ tí àgbébọ̀ fúnra rẹ̀ sàba pa nínú agbo nìkan ni gbogbo èyí kò kàn, nítorí pé ìyá wọn tó ń ràdọ̀ bò wọ́n náà ló ń bá wọn jà fún àyè.

Kí àlejò tó fojú kan onílé rárá, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ibi tí ẹ máa fi í sí gbọ́dọ̀ jìnnà tó ìṣísẹ̀ ogún, kí afẹ́fẹ́ má sì máa fẹ́ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ àwọn tó wà nílé. Àwọn tilé ni kí ẹ kọ́kọ́ fún lóúnjẹ láràárọ̀, kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ àlejò. Ẹ ní bàtà mìíràn fún ibẹ̀, abọ́ mìíràn, ìgbálẹ̀ mìíràn. Ìdí rèé: àrùn Newcastle, tí àwọn kan ń pè ní lúkúlúkú, lè wà lára adìẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó hàn, àwọn àìsàn ọ̀nà ọ̀fun sì máa ń fara pa mọ́ pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Pàápàá jù lọ, adìẹ tí a rà láti inú àgò ní ọjà ti fara kan adìẹ ilé mìíràn. Lásìkò ọyẹ́, tí lúkúlúkú máa ń jà, ó sàn kí ẹ má ra adìẹ ọjà rárá.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yìí, ẹ yẹ̀ wọ́n wò dáadáa. Ojú tó ń ṣe omi, imú tó dí, mímí tó ń dún, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, gbogbo wọn ló ń fẹ́ dókítà ẹranko. Ẹ ṣí ìyẹ́ abẹ́ apá àti ti ìdí wò, ibẹ̀ ni iná adìẹ máa ń wà. Bí ìpẹ́ ẹsẹ̀ bá ń gbé sókè bí ẹni pé ó fẹ́ ṣí, kòkòrò wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ fọ ọ́, kí ẹ fi Vaseline pa á lójoojúmọ́ títí yóò fi rọ̀. Ẹ lo oògùn aràn bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí rẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ̀ bóyá wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ fún wọn ní LaSota, àjẹsára lúkúlúkú tí a ń pò sínú omi mímu, kí ẹ sì fún àwọn tilé náà lásìkò kan náà, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó pàdé. Omi kànga tàbí omi òjò ni kí ẹ pò ó sí, nítorí pé kẹ́míkà inú omi ẹ̀rọ ń pa á. Ẹ gba omi kúrò níwájú wọn fún wákàtí kan sí méjì kó lè jẹ́ pé òùngbẹ á ti máa gbẹ wọ́n, kí wọ́n sì mu ún tán láàárín wákàtí méjì.

Ẹ wá wo ilé yín, torí pé àyè tó há ló ń fa ọ̀pọ̀ ìjà tí a máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru adìẹ. Adìẹ kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì sí méjì nínú ilé, àti ìlọ́po méjì àbọ̀ ìyẹn ní ìta. Bí ẹ bá ní àgbébọ̀ márùn-ún, tí ẹ fẹ́ fi mẹ́rin kún un, ilé tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí mẹ́fà gbà wọ́n gẹ́lẹ́. Igi tí wọ́n ń wọ̀ sí lálẹ́ gbọ́dọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ínṣì mẹ́wàá. Fún mẹ́sàn-án, ìyẹn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méje àbọ̀. Bí ìyẹn kò bá sí, ẹ má tíì ra adìẹ. Abọ́ oúnjẹ àti abọ́ omi kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Ẹ gbé méjì tàbí mẹ́ta sí ibi tó jìnnà síra, kí ọ̀gá àgbébọ̀ má baà lè ṣọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gbé pákó méjì tàbí mẹ́ta ti ògiri kí àlejò lè sá sẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó ṣí lápá méjèèjì. Kọ̀rọ̀ tí kò ní ọ̀nà àbájáde ni wọ́n máa ń sọ adìẹ pa sí.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà ṣe kókó. Oúnjẹ àwọn tó ń yé ẹyin ní kálísíọ̀mù tó nǹkan bí 3.5 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún, ti àwọn tó ń dàgbà kò ju nǹkan bí 1 lọ. Èyí tí kò tíì yé ẹyin bá jẹ ti àgbà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kíndìnrín rẹ̀ lè bàjẹ́. Nítorí pé ẹ ò lè yà wọ́n lẹ́nu oúnjẹ tí wọ́n bá ti wà pọ̀, ẹ fún gbogbo wọn ní growers mash, ìyẹn oúnjẹ àwọn tó ń dàgbà, kí ẹ da ìkarawun lílọ̀, èyí tí wọ́n ń tà níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ adìẹ, sínú abọ́ ọ̀tọ̀. Àwọn tó ń yé ẹyin á jẹ ẹ́, àwọn ọ̀dọ́ kò ní bìkítà fún un. Nígbà tí ọ̀dọ́ tó kẹ́yìn bá ti yé ẹyin, ẹ padà sí layers mash, oúnjẹ àwọn tó ń yé ẹyin.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ kó àwọn àlejò wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbo, kí nẹ́ẹ̀tì onírin wà láàárín wọn. Ihò nẹ́ẹ̀tì náà kò gbọ́dọ̀ ju ìdajì ínṣì lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orí á kọjá, ojú á fọ́. Ẹ gbé abọ́ oúnjẹ ti ọ̀tún àti ti òsì sún mọ́ nẹ́ẹ̀tì kí wọ́n lè máa jẹun lójú ara wọn. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, àwọn àgbébọ̀ á máa fò mọ́ nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á na ìyẹ́ ọrùn. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, ẹ óò rí i pé wọ́n ti ń kọ ẹ̀yìn síra wọn jẹun. Ìgbà yẹn ni kí ẹ ṣí nẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe nígbà tí kàlẹ́ńdà bá sọ pé ó pé. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń fo ìpele yìí ń gbẹ́kẹ̀ lé òkùnkùn: wọ́n á gbé àlejò sórí igi lóru, pé ilẹ̀ á mọ́ kí onílé tó mọ̀. Àgbébọ̀ á dá a mọ̀ kó tó bọ́ sílẹ̀ láàárọ̀.

Ọjọ́ tí ẹ máa ṣí i, ẹ dúró di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn ti rọ̀. Ẹ ti fún gbogbo wọn lóúnjẹ yó. Ẹ so ìdì ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ mọ́ igi, kó ga tó orí wọn, ní ibi méjì, kí ẹ da ọkà díẹ̀ káàkiri ilẹ̀. Ẹ kó wọn jáde sí gbangba, kí ẹ dúró tì wọ́n. Sísọ lórí lẹ́ẹ̀kan, lílé díẹ̀ kí ó yà, dídúró kojú ara ẹni pẹ̀lú ìyẹ́ ọrùn tó dìde, ìwọ̀nyí ni wọ́n fi ń tún ètò tò. Ẹ má dá sí i. Ẹ dá sí i bí wọ́n bá ń lé ọ̀kan ṣáá tí wọ́n kò fi í sílẹ̀, bí méjì bá ṣùrù bo ọ̀kan, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde. Bó bá lọ dáadáa, ẹ fi kún àkókò náà lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ sùn, kí ẹ sì wà níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ kí ẹ lè ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ máa bẹ̀rù jù. Àwọ̀ pupa ń fa ẹnu adìẹ, wọ́n á sì máa padà síbi egbò kan náà títí á fi kú. Ẹ gbé èyí tó fara gbọgbẹ́ kúrò lójú ẹsẹ̀, ẹ fi omi iyọ̀ fọ ọ́, kí ẹ fi gentian violet, oògùn egbò aláwọ̀ elésè àlùkò, pa á kí pupa náà má baà hàn. Ẹ má gbé e lọ síbi tó jìnnà. Ẹ̀yìn nẹ́ẹ̀tì ni kó wà, torí pé bí wọn kò bá rí i fún ọ̀sẹ̀ kan, àlejò ni yóò tún dà.

Bó bá jẹ́ pé àgbébọ̀ kan ṣoṣo ló ń dá gbogbo wàhálà sílẹ̀, òun ni kí ẹ mú kúrò, kí ẹ gbé e sí ibi tí kò ti ní rí wọn fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Yóò padà bí àlejò, ipò rẹ̀ yóò ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí máa ń ṣiṣẹ́ ju kí a máa gbé ẹni tí wọ́n ń lù kiri lọ.

Lálẹ́, nígbà tí wọ́n bá ti wọ̀, ẹ fọwọ́ kan àpò oúnjẹ tó wà lọ́rùn àwọn ọ̀dọ́. Ó yẹ kó kún, kó sì rọ̀. Èyí tí tirẹ̀ bá pẹlẹbẹ kò ráyè jẹun lọ́jọ́ náà, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ dá ṣáṣá. Ẹ fi abọ́ kan kún un. Ẹ tún wo inú àpótí ìyéyin. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n lé kúrò lórí igi máa ń sá síbẹ̀ sùn, wọ́n á sì yàgbẹ́ kún un. Ẹ dí ẹnu àpótí náà nírọ̀lẹ́, kí ẹ sì ṣí i kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹyin àwọn àgbà lè dín kù fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Bó bá kọjá ìyẹn, àìsàn tàbí àyè ni kí ẹ wá lọ.