Irú ilé-iṣẹ́ wo ni kí ẹ dá sílẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ ta ọjà káàkiri Yúróòpù?

Ilé-iṣẹ́ tí CAC fún ní ìwé ní Èkó, àlejò ni lójú òfin Yúróòpù, ìbáà jẹ́ àdìrẹ lẹ fẹ́ kó jáde láti Balógun tàbí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lẹ ń ṣe ní Yábàá. Ẹ̀tọ́ láti fìdí kalẹ̀ sí orílẹ̀-èdè kan kí ẹ sì máa ya ẹ̀ka wọ àwọn tó kù, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lábẹ́ òfin ọ̀kan nínú orílẹ̀-èdè 27 tó wà nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù ló ni ín. Ìlú Ọba ti jáde níbẹ̀ ní 2020, nítorí náà Ltd tí ẹ ní ní London kò lè bá yín gba ẹ̀tọ́ yìí mọ́.

Ẹ má fi ẹ̀ka bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ka kì í dá dúró lójú òfin: gbèsè tó bá jẹ ní Hamburg, ọ́fíìsì yín ní Ìkẹjà ni wọ́n máa gbé e wá. Ẹ dá ilé-iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ lọ́hùn-ún, kí ilé-iṣẹ́ yín ti Èkó ni ìpín inú rẹ̀.

Ibi tí àwọn oníbàárà yín bá pọ̀ sí jù ni kí ẹ yàn. GmbH, irú Ltd ti Jámánì, ń béèrè owó ìdókòwò yúrò 25,000, ó kéré tán 12,500 sì gbọ́dọ̀ ti wọlé kí wọ́n tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. UG, àbúrò rẹ̀, lè fi yúrò kan bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdá mẹ́rin èrè ọdọọdún ni kó máa fi ìdá kan pamọ́. Ní Nẹ́dálándì, láti 2012, sẹ́ńtì kan tó fún BV, irú Ltd tiwọn. Ẹ má jẹ́ kí èyí tàn yín jẹ o: ẹni tó fẹ́ tajà àwìn fún yín máa wo owó yẹn dáadáa.

Ẹ kó ìwé CAC, ìpinnu àwọn dárẹ́kítọ̀ àti orúkọ àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ gan-an jọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́tárì lọ́hùn-ún irú òǹtẹ̀ tó fẹ́ kí ẹ tó náwó sórí èyíkéyìí. Ní Jámánì, nọ́tárì ló máa kọ́kọ́ jẹ́rìí sí ìwé ìdásílẹ̀. Lẹ́yìn náà lẹ máa ṣí àkáǹtì, ẹ ó san owó ìdókòwò, nọ́tárì á wá fi ìwé ránṣẹ́ sí Handelsregister, ibi tí wọ́n ti ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Jámánì. Báńkì ló sábà máa ń fa ìdádúró. Ẹ má torí ìyẹn bọwọ́ lùwé ilé ìkẹ́rùsí ṣáájú ìforúkọsílẹ̀, torí ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni gbèsè náà máa wà lọ́rùn rẹ̀.

SE, ilé-iṣẹ́ ti Yúróòpù fúnra rẹ̀, wà láti 8 Oṣù Kẹwàá 2004. Ó lè ṣí olú-ọ́fíìsì rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn láìtú ká. Ṣùgbọ́n yúrò 120,000 ni owó ìdókòwò rẹ̀, àwọn tó ń dá a sílẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní ìdè pẹ̀lú orílẹ̀-èdè méjì ó kéré tán. Bí òṣìṣẹ́ bá wà, ẹ gbọ́dọ̀ bá wọn dúnàá-dúrà, èyí tó lè gba oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Kò tíì kàn yín.

EEIG, ẹgbẹ́ àjọṣe àwọn oníṣòwò, kò béèrè owó ìdókòwò, ilé-iṣẹ́ méjì láti orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù lè fi ṣiṣẹ́ pọ̀. Ewu rẹ̀ ni pé ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló máa fi gbogbo ohun ìní rẹ̀ dúró fún gbogbo gbèsè. SCE dà bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù: ènìyàn márùn-ún tó ń gbé ní orílẹ̀-èdè méjì ó kéré tán lè fi yúrò 30,000 dá a sílẹ̀.

Kò sí èyí tó yọ yín nínú VAT. Láti 1 Oṣù Keje 2021, ètò OSS ń jẹ́ kí ẹ fi fọ́ọ̀mù kan san ti ọjà tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sílé àwọn oníbàárà ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Kò kan ẹrù tí ẹ tọ́jú pamọ́. Bí BV yín bá wà ní Rotterdam tí ẹrù sì ń sùn ní Póláńdì, ẹ gba nọ́ńbà VAT ti Póláńdì kí ẹrù tó gúnlẹ̀ síbẹ̀.