Bẹ́ ẹ ṣe lè gbádùn kọ́nsáàtì rọ́ọ̀kì ní ìta gbangba

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbọ́ orin yẹn dáadáa, ẹ má sáré lọ fara ti stéèjì, ẹ wá ibi tí ẹni tó ń fi ẹ̀rọ to ohùn orin wà láàárín èrò, kẹ́ ẹ dúró sítòsí ẹ̀, torí ohun tí òun ń gbọ́ ló fi ń to gbogbo ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni gìtá, ìlù àti ohùn olórin ti máa ń dọ́gba létí.

Ẹ tọ́jú etí yín o. Fóòmù kékeré tí wọ́n fi ń dí etí yẹn, ẹ fìka lọ́ ọ kó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ tì í bọ inú etí, ẹ dì í mú títí á fi wú padà. Ẹ ṣì máa gbọ́ orin.

Ká wá ní iwájú náà lẹ fẹ́ wà, níbi tí wọ́n ti ń fò tí wọ́n ń kọlu ara wọn, kò burú, èmi náà fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Àmọ́ tẹ́nì kan bá ṣubú, ẹ dúró, ẹ gbé e dìde kíákíá. Níbi àjọ̀dún orin Roskilde, ní Denmark, lọ́dún 2000, èèyàn 9 ló kú nínú irú èrò bẹ́ẹ̀. Tó bá ti fún jù, ẹ gbọ́wọ́ síwájú àyà kẹ́ ẹ lè ráyè mí, ẹ má bá èrò jà, ìgbà tó bá rọlẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ jáde.

Fóònù ńkọ́? Ẹ ya fọ́tò kan tàbí méjì kẹ́ ẹ fi sápò, ẹni tó wà lẹ́yìn yín náà fẹ́ ríran.