Bí a ṣe ń rì táǹkì gáàsì mọ́lẹ̀, àti bí a ṣe ń ṣọ́ ọ kó má baà dógùn-ún

Ilé ìtura, ilé búrẹ́dì tàbí ilé-ẹ̀kọ́ tó ń bọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ní Kabba, Ìsánlú tàbí Ẹ̀gbẹ̀ kò lè máa fi sílíńdà kílò 50 ṣe é títí. Bó pẹ́ bó yá, ẹnìkan á dábàá pé kí wọ́n ra táǹkì ńlá, kí wọ́n sì rì í mọ́lẹ̀. Àbá náà dáa. Oòrùn kì í pa táǹkì tó wà nínú ilẹ̀, iná tí wọ́n ń sun igbó lásìkò ọyẹ́ kò lè dé ara rẹ̀, mọ́tò kò sì lè kọ lù ú. Àlébù rẹ̀ ni pé irin inú ilẹ̀ máa ń dógùn-ún láti ẹ̀yìn, níbi tí ojú kò tó.

Kì í ṣe táǹkì kékeré nìkan ni èyí ń ṣe. Ní Aliso Canyon, nítòsí Los Angeles ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń kó gáàsì pamọ́ sínú ilẹ̀, gáàsì tú láti inú kànga kan ní oṣù kẹwàá 2015, wọn kò sì rí i dí pátápátá títí di oṣù kejì 2016. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé ló kó kúrò nílé. Nígbà tí wọ́n hú páìpù kànga náà wò, ẹ̀yìn ni omi inú ilẹ̀ ti jẹ ẹ́ títí tó fi bẹ́.

Táǹkì tí a máa fi ṣe àpẹẹrẹ níhìn-ín ni èyí tó gba gálọ́ọ̀nù 1,000, ìyẹn nǹkan bíi lítà 3,785. Àwọn ìwọ̀n tí a máa dárúkọ wá láti inú NFPA 58, ìwé òfin gáàsì ìdáná ti Amẹ́ríkà, àti láti inú bí àwọn oníṣẹ́ ṣe ń ṣe é. Lọ́dọ̀ wa, NMDPRA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin epo 2021 dá sílẹ̀, ló ń fúnni láṣẹ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi àyè sílẹ̀ ju èyí lọ, tiwọn ni kí ẹ tẹ̀lé. Ẹ pè wọ́n àti àwọn panápaná wá wo ilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣọ́bìrì.

Yíyan ibi tí ẹ máa gbẹ́

Ó kéré tán, kí mítà 3 wà láàárín táǹkì àti ilé, bẹ́ẹ̀ náà ni láàárín òun àti ààlà ilẹ̀ aládùúgbò. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ: propane tó ìlọ́po kan àbọ̀, butane tó ìlọ́po méjì. Bó bá tú, ìsàlẹ̀ ló ń wá. Nítorí náà, ẹ jìnnà sí kànga, sọ́kàwéè, ṣalángá àti gọ́tà, kí ẹ sì rí i pé ilé kò sí ní ìsàlẹ̀ ibi tí táǹkì wà bí ilẹ̀ bá dagun. Ẹ má rì í sábẹ́ igi máńgòrò, nítorí gbòǹgbò rẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ má rì í sójú ọ̀nà mọ́tò. Níbi tí mọ́tò kò ti lè kọjá, iyẹ̀pẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 15 lórí táǹkì ti tó. Níbi tí ó ti lè kọjá, ẹ jẹ́ kó pé 45.

Ihò àti àpáta

Ilẹ̀ Okun tiwa ní Kogi kì í pẹ́ kan àpáta. Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ nìyí. Òṣìṣẹ́ á gbẹ́ títí, á kan òkúta, á ní "ó ti tó," á gbé táǹkì lé e lórí. Òkúta yẹn ló máa bó ọ̀dà tó wà lára táǹkì, ibi tó bó sì ni ìdógùn-ún máa gbà wọlé. Ẹ jẹ́ kí ihò jìn ní sẹ̀ǹtímítà 30 ju bí ẹ ṣe fẹ́ kí táǹkì jókòó sí lọ, kí ẹ da yanrìn mímọ́ sí i, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Yanrìn odò dára tí kò bá ní òkúta àti èèkù igi nínú. Erùpẹ̀ pupa tí ẹ gbẹ́ jáde ní ọ̀pọ̀ òkúta wẹẹrẹ nínú. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má dà á padà sí ara táǹkì.

Bí àpáta bá kọ̀ pátápátá, kò pọn dandan kí ẹ fi ẹ̀rọ fọ́ ọ. Ẹ lè rì í dé ìdajì, kí ẹ sì fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó bí ebè ńlá. Òfin gbà á. Àmọ́ ẹ mọ igi yí i ká, nítorí ní àgbàlá wa, ibikíbi tí ebè bá wà, ẹnìkan á fẹ́ fi iṣu sí i.

Ara táǹkì

Kí ẹ tó sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ yẹ ọ̀dà ara rẹ̀ wò níbi gbogbo, pàápàá abẹ́ rẹ̀ àti ibi tí ṣéènì ti fara kàn án nígbà tí wọ́n ń gbé e wá láti Èkó tàbí Warri. Ibi tó bó, ẹ fi irin fọ̀ ọ́ kó mọ́, kí ẹ fi ọ̀dà epoxy tí olùṣe táǹkì dárúkọ kùn ún, kó gbẹ. Okùn fífẹ̀ onínáílọ́ọ̀nù ni kí ẹ fi sọ ọ́ kalẹ̀. Wáyà irin àti ṣéènì kò dára.

Lẹ́yìn náà ni anode magnesium, irin tó máa ń jẹrà dípò táǹkì. Inú àpò aṣọ ló máa ń wà, tí wọ́n á sì tún fi náílọ́ọ̀nù wé. Ẹ bọ́ náílọ́ọ̀nù kúrò, ẹ fi àpò aṣọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń rì í tòun ti náílọ́ọ̀nù, anode yẹn kò ní ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ gbé e sínú ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì, kó má fara kàn án, kí ẹ so wáyà rẹ̀ mọ́ ibi tí olùṣe ti pèsè lára táǹkì. Ẹ da omi púpọ̀ lé àpò náà lórí kí ẹ tó fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Níbi tí páìpù ti kúrò lára táǹkì, ẹ fi ìsopọ̀ tí kì í jẹ́ kí iná mànàmáná kọjá síbẹ̀. Bí kò bá sí i, páìpù ilé àti wáyà ilẹ̀ tí oníná so mọ́ ọn máa jẹ anode tán láìpẹ́.

Ohun mìíràn tí àwọn ènìyàn kì í gbàgbọ́ ni pé táǹkì lè léfòó. Lítà 3,785 túmọ̀ sí pé bí omi òjò bá kún ihò, ó máa ti táǹkì sókè pẹ̀lú agbára tó tó nǹkan bíi kílò 3,800. Irin táǹkì fúnra rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kílò 800, gáàsì tó kún dé ìwọ̀n ìdá 80 sì jẹ́ nǹkan bíi 1,600. Ẹ ro ó pọ̀, kò tó. Nítorí náà, ẹ so ó mọ́ kọnkéré ní ìsàlẹ̀ pẹ̀lú bẹ́líìtì irin, kí ẹ fi róbà sí àárín bẹ́líìtì àti ara táǹkì. Bí ẹ bá lè parí iṣẹ́ yìí kí òjò tó dé ní oṣù kẹrin, ó sàn púpọ̀.

Ìdérí tó bo àwọn fáàfù gbọ́dọ̀ ga ju ilẹ̀ lọ, kí àgbàrá má baà ṣàn wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti da yanrìn yí táǹkì ká, ẹ fi ọjọ́ díẹ̀ sílẹ̀ kó jókòó, kí ẹ tún dà á. Bí yanrìn bá rì lẹ́yìn tí ẹ ti so páìpù, páìpù ló máa ru ẹrù náà.

Gbígba gáàsì

Ìdá 80 nínú 100 ni òpin. Gáàsì olómi máa ń wú bí ooru bá dé: bí ooru bá fi 10°C lé, ó lè wú tó ìdá 2 sí 3 nínú 100. Bí kò bá sí àyè, yóò ṣí fáàfù ààbò, gáàsì á sì máa tú sínú àgbàlá.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ gééjì nìkan, ó máa ń purọ́ díẹ̀. Fáàfù kékeré kan wà lábẹ́ ìdérí tí ẹ máa tú díẹ̀ nígbà tí táńkà bá ń fà á sí i. Ní àkọ́kọ́, gáàsì tí kì í ṣe olómi ló ń ṣe "ṣíì" jáde, kò ní àwọ̀. Ní kété tí ó bá di funfun bí ìkùukùu tó tutù, gáàsì olómi ti dé ìwọ̀n 80 nìyẹn: ẹ ní kí awakọ̀ pa á lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì dé fáàfù náà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, nítorí gáàsì olómi ń jó ara bí iná. Kí awakọ̀ so wáyà ilẹ̀ mọ́ táńkà kó tó so róbà, kó fi ìdíwọ́ sí táyà, kó má sì kúrò nídìí rẹ̀. Kò sí jẹnẹrétọ̀, kò sí àkàrà díndín, kò sí ọ̀kadà nítòsí.

Ìṣọ́

Lóṣooṣù, ẹ ṣí ìdérí. Ẹ kọ́kọ́ fi igi gbé e díẹ̀, nítorí ejò fẹ́ràn ibẹ̀. Ẹ wo ihò kékeré tó wà lára rẹ́gúlétọ̀: agbọ́n alámọ̀ máa ń dí i, bó bá sì dí, rẹ́gúlétọ̀ kò ní lè wọn gáàsì dáadáa mọ́, iná sítóòfù á máa pupa tàbí kí ó máa fò. Ẹ fi omi ọṣẹ pa gbogbo ìsopọ̀. Ibi tó bá ń hó, ó ń jò. Bí omi bá wà nínú ìdérí, ẹ wá ibi tó ń gbà wọlé. Ẹ gé koríko yí i ká dé mítà 3, pàápàá láti oṣù kọkànlá títí tí òjò fi máa rọ̀.

Wíwọn anode ni iṣẹ́ tí wọ́n sábà ń fò. NFPA 58 ní kí wọ́n ṣe é nígbà tí wọ́n bá rì táǹkì, kí wọ́n tún un ṣe láàárín oṣù 12 sí 18, lẹ́yìn náà lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù 36. Half-cell copper sulphate, ọ̀pá kékeré tí a fi ń wọn iná mànàmáná tó wà lára irin inú ilẹ̀, àti mítà iná ni ẹ nílò. Ẹ fi mítà sí 2 volt DC. Wáyà pupa sí irin mímọ́ lára táǹkì, dúdú sí half-cell tí ẹ fi orí rẹ̀ bọ inú ilẹ̀ tútù. Ẹ wọn ní orí méjèèjì táǹkì àti ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ −0.85 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìhà òdì, bíi −1.0. Bó bá jẹ́ −0.6, kò sí ohun tó ń dáàbò bo irin yẹn.

Lásìkò ọyẹ́, ilẹ̀ wa gbẹ débi pé half-cell lè sọ irọ́. Ẹ da garawa omi sí ojú ibi tí ẹ fẹ́ wọn, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tún un wọn kí ẹ tó sọ pé anode ti kú. Bó bá jẹ́ pé ó ti lọ sílẹ̀ lóòótọ́, ẹ kọ́kọ́ wo wáyà rẹ̀, bóyá ọkọ́ ti gé e, kí ẹ sì wò bóyá oníná ti so wáyà ilẹ̀ ilé mọ́ ara táǹkì.

Bí gáàsì bá ń jò nínú ilẹ̀

Wọ́n fi òórùn burúkú sí gáàsì ìdáná kí a lè mọ̀, ṣùgbọ́n iyẹ̀pẹ̀ lè fa òórùn náà mu. Gáàsì tó ti gba inú ilẹ̀ kọjá lè dé inú ilé láìrùn. Nítorí èyí, ẹ ra ẹ̀rọ tí ń mọ gáàsì, kí ẹ fi sí ìsàlẹ̀ ògiri ilé ìdáná. Koríko tó ń kú ní ojú kan lórí táǹkì tàbí lójú ọ̀nà páìpù tún jẹ́ àmì. Gáàsì inú ilẹ̀ kì í fìgbà gbogbo jáde níbi tó ti jò: ní Hutchinson ní Kansas, ní oṣù kìíní 2001, gáàsì àdáyébá tó jò láti ibi ìpamọ́ rìn ní nǹkan bíi máìlì 7 lábẹ́ ilẹ̀ kó tó gbiná nínú ìlú, ènìyàn méjì sì kú.

Bí ẹ bá fura, ẹ ti fáàfù táǹkì, ẹ má tan iná, ẹ má sì pa á. Kí gbogbo ènìyàn bọ́ sí ibi gíga, ní ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá. Láti ọ̀nà jínjìn ni kí ẹ ti pe 112. Ẹ má gbẹ́ ilẹ̀ wò fúnra yín.

Bí ó bá sì jẹ́ pé anode nìkan ló ti tán, tí kò sí jíjò, kò sí ìdí láti hú táǹkì jáde. Ẹ gbẹ́ ihò tuntun ní nǹkan bíi mítà kan sí i, ẹ gbé anode mìíràn sí i láìsí náílọ́ọ̀nù, ẹ so wáyà rẹ̀ mọ́ táǹkì, ẹ da omi sí i, kí ẹ sì tún wọn ní ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà náà àti ọjọ́ rẹ̀ sínú ìwé tí yóò wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú ilé ìdáná.